Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Gómìnà Ilẹ̀ Yorùbá: Bí Èsì Jẹ́nótáìpù Bá Lòdì, Ta Ni Yóò Dáhùn?

Sí ẹ̀yin Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, àti ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,

Iṣẹ́ tí ẹ gbà ṣe kò rọrùn, ẹni tó bá sì rí i pé ẹ tún ọsibítù kan ṣe ní àdúgbò rẹ̀ yẹ kó dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé iwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùlé ọsibítù tàbí ọ̀dà ara ògiri. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan ni, èyí tí wọ́n máa ń kọ lẹ́tà méjì péré sí: AA, AS, AC, SS, SC. Ìwé yẹn ló ń sọ fún ọ̀dọ́ wa ẹni tó lè fẹ́ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹ́. Bó bá tọ̀nà, ó ń gba ọmọ tí a kò tíì bí lọ́wọ́ ìrora. Bó bá lòdì, kò sẹ́ni tó ń dáhùn fún un nílẹ̀ wa, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni mo lò ní kíníìkì àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn ìdílé sì ṣì ń wá mi wá sílé títí di òní. Láìpẹ́ yìí, tọkọtaya kan wá. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí ìjọba, ìjọ àti òbí ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ní ọsibítù ìjọba kan. Èsì ọkọ jáde ní AA, ti ìyàwó jáde ní AS. Pásítọ̀ wo ìwé méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀. Ọmọ wọn kò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tó ń ké lóru, tí kò gba ọmú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó jẹ́ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò níbòmíràn, AS ni bàbá látilẹ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n padà sí ọsibítù tó fún wọn níwèé, wọ́n ní ẹni tó fọwọ́ sí i ti kúrò níbẹ̀, wọn ò sì rí ìwé àkọsílẹ̀ ọdún náà mọ́. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Lọ́yà ní òun bá wọn kẹ́dùn, pé ìgbà ti kọjá, pé oṣù mẹ́ta ni òfin fún wọn láti pẹjọ́.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró lórí oṣù mẹ́ta yìí. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, Public Officers Protection Act, ló wà nídìí rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní irú rẹ̀. Ohun tó wí ni pé ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé kóòtù láàárín oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ rẹ̀ ti kú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Wọ́n gba èsì lónìí. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdána àti ìgbéyàwó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Oyún gba oṣù mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá bí ọmọ tó jẹ́ SS, àrùn náà kì í tètè yọjú, nítorí hemoglobin F, irú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú oyún, ṣì ń dáàbò bò ó fún oṣù bíi mélòó kan. Ó máa ń di bí oṣù mẹ́fà sókè kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà tí òbí yóò fi mọ̀ pé wọ́n ti ṣẹ òun, ó lé lọ́dún kan, ó sì lè lé ní méjì. Kò sí bí tọkọtaya kankan ṣe lè bá oṣù mẹ́ta yẹn, àfi kí wọ́n ti pẹjọ́ kí wọ́n tó bímọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kọ́ irú òfin yìí ṣe tiwọn ní 1893. Ní 1954, wọ́n fagi lé e nílé tiwọn. Lónìí, Limitation Act ti 1980 fún ẹni tí wọ́n pa lára níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tó mọ̀ pé wọ́n ti ṣe òun léṣe. Aṣọ tí ẹni tó ni ín ti bọ́ sọnù láti ọdún gbọọrọ ni àwa ṣì fi ń bo àṣìṣe ọsibítù.

Mo sọ pé tọkọtaya náà wá bá mi. N kò tíì sọ pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wá. Bí bàbá bá jẹ́ AA, tí ìyá sì jẹ́ AS, wọn kò lè bí SS. Ìmọ̀ yìí ti tàn kálẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó tàn. Ìyá ọkọ mọ̀ ọ́n, àbúrò ọkọ mọ̀ ọ́n, ará àdúgbò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ọmọ jáde ní SS, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fura sí láàbù. Ìyàwó ni wọ́n nàka sí. Wọ́n ní kó sọ ẹni tó bí ọmọ fún. Obìnrin tó ń gbé ọmọ tó ń ké lóru, tó ń wá owó oògùn, ni wọ́n tún ní kó wá búra. Kí àyẹ̀wò ọkọ lẹ́ẹ̀kejì tó tú àṣírí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Àyẹ̀wò DNA lè fi hàn pé bàbá ọmọ ni bàbá ọmọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àyẹ̀wò tó ń gba ọ̀rọ̀ tí ẹbí ti sọ síta padà. Obìnrin yìí nìkan kọ́. Mo ti rí irú rẹ̀ ní kíníìkì, mo sì ti rí èyí tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tún padà bọ̀ sípò. Ọsibítù tó kọ AA sórí ìwé ọkọ kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ohun tí òun kọ lè pe obìnrin olóòótọ́ ní alágbèrè.

Àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í ka òfò tiwọn. Àwọn ni ọ̀dọ́ méjì tó ń fẹ́ra, tí wọ́n sọ fún pé AS ni àwọn méjèèjì, tí wọ́n fi omijé kọ ara wọn sílẹ̀, tó wá yé wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé AA ni ọ̀kan nínú wọn. Kóòtù wo ni wọn yóò gbé ìyẹn lọ?

Mi ò kọ ìwé yìí láti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù jà. Mo bá wọn ṣiṣẹ́, mo mọ bí nǹkan ṣe rí fún wọn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ láàbù wa ń gbà ṣe é ni wọ́n ń pè ní electrophoresis. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tí omi oògùn wà, wọ́n á jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, hemoglobin kọ̀ọ̀kan á sì rìn dé ibi tirẹ̀. A ló ń yára jù, S ń tẹ̀ lé e, C ń kẹ́yìn. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, tàbí tí omi oògùn bá ti gbó, ilà lè dàrú. Bí wọn ò bá fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ dájú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìfiwéra, àfojúdá lásán ni. Lórí bébà yìí, hemoglobin D àti G máa ń dúró síbi tí S ń dúró sí. Ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà nínú èsì rẹ̀: SS lè jáde bí ẹni pé AS ni. Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹ̀rọ ò ní àbùkù kankan, orúkọ ara ìgò ni wọ́n ṣì kọ.

C tí mo dárúkọ yẹn, ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá gan-an ni, nítorí ó wà láàárín wa ju bó ṣe wà ní òdìkejì Odò Ọya lọ. Bí AS bá fẹ́ AC, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SC nígbà oyún kọ̀ọ̀kan. SC lè ba ojú jẹ́, ó lè ba egungun ìbàdí jẹ́ tí géńdé á fi máa tiro. Síbẹ̀ mo ti rí ìwé tí wọ́n ti ka AC sí AS, mo sì ti pàdé AC tí wọ́n sọ fún pé kó máa fẹ́ ẹni tó bá wù ú, pé AS nìkan ló yẹ kó máa ṣọ́ra.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ló ní ìdènà. Ọ̀nà kejì wà láti fìdí èsì múlẹ̀. Ẹ̀rọ HPLC, tó ń ya irú hemoglobin kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wà. Àyẹ̀wò kékeré tó jọ ti ibà wà, bíi HemoTypeSC, tó ń fi A, S àti C hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí kò nílò iná, tó sì ṣeé ṣe fún ìkókó. Ìbéèrè pé ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára láìpẹ́ yìí, kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹni tí kò ṣe nǹkan wọ̀nyí kò lè sọ pé kádàrá ni.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára ohun tí ayé fi kọ́ ìmọ̀ jíìnì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ jíìnì ènìyàn, ní 2002, ìdílé 30 láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, èèyàn 90 lápapọ̀, ló wà lára àwọn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe é. Ní 2008, ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn wà lára àwọn àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n ka gbogbo jíìnì wọn tán, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeyinka Falusi, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí jíìnì àti àrùn ẹ̀jẹ̀, gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO ní 2001. Ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ibùdó ńlá kan wà fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àjọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀ ń bójú tó. Ìmọ̀ kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Kí ló dé tí ọmọ Ìbàdàn tó fẹ́ gbéyàwó fi ń tẹ́ tẹ́tẹ́ lórí ìwé láàbù?

Àwọn ìlú mìíràn ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Ní 1980, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní California gbọ́ ẹjọ́ ọmọ kan tí ilé àyẹ̀wò ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé jíìnì àrùn Tay-Sachs kò sí lára wọn, tí wọ́n sì wá bí ọmọ náà pẹ̀lú àrùn yẹn. Ilé-ẹjọ́ ní ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ilé àyẹ̀wò náà lẹ́jọ́. Ní 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ ìyá kan tó lọ béèrè bóyá òun gbé jíìnì àrùn haemophilia, tí dókítà fi í lọ́kàn balẹ̀ pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò tí kò lè dáhùn ìbéèrè náà, tó sì bí ọmọ tó ní haemophilia àti autism. Wọ́n ní kí dókítà san owó ìtọ́jú haemophilia, nítorí ìyẹn ni ìyá wá béèrè. Wọn ò ní kó san ti autism. Owó ti haemophilia náà lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹ rí i pé wọn ò di gbogbo ẹrù ayé lé dókítà lórí. Ohun tí wọ́n bi í ní ìbéèrè lé lórí ni wọ́n ní kó dáhùn fún. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, èmi náà ò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé wa ńkọ́? Ní 2006, ẹjọ́ obìnrin kan dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa. Abẹ́rẹ́ kan ló ṣẹ́kù sí i nínú nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀ ó pàdánù, torí wọ́n ní kò fi ẹ̀rí àìbìkítà hàn. Bí ẹni tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ kò bá rí ẹ̀rí mú wá, kí ni ẹni tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti sọnù lọ́wọ́ láàbù fẹ́ mú wá?

Àwọn ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Ẹ̀kíní, ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìlera kúrò lábẹ́ oṣù mẹ́ta náà ní òfin ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ìgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí aláìsàn tàbí òbí mọ̀ pé èsì lòdì, yálà ọsibítù ìjọba ni tàbí láàbù aládàáni. Èyí ni mo fi ṣáájú, nítorí bí kò bá sí i, ìyókù kò ní agbára. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Àbá òfin kan, ìjókòó mẹ́ta, ìbuwọ́lù kan ni.

Ẹ̀kejì, kí láàbù tó pàdánù àkọsílẹ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fi hàn pé òun ṣe iṣẹ́ òun bó ti yẹ. Òfin Ìlera ti 2014 ti pàṣẹ pé kí ilé ìtọ́jú tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Kò yẹ kí ẹni tó sọ ìwé nù jèrè nínú sísọ ọ́ nù. Kí orúkọ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ ẹni tó ṣàyẹ̀wò hàn lórí gbogbo èsì, àti ọ̀nà tó gbà ṣe é. Ẹ pa á láṣẹ pé èsì tí ènìyàn fẹ́ fi ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà méjì wá, kí ẹ sì ra HPLC sí ọsibítù kan, ó kéré tán, ní ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná sólà tí yóò máa gbé e ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ á falẹ̀, ọmọ ò lè dúró. Ọmọ tí a bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èsì tó lòdì ló bí ìgbéyàwó òbí rẹ̀, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó dé: penicillin, hydroxyurea, àyẹ̀wò ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó ń jẹ́ ká mọ ọmọ tó wà nínú ewu rọpárọsẹ̀. Kí ìjọba wá gba owó náà padà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Láàbù tí kò bá ní adójútòfò iṣẹ́, ẹ má fún un láṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní èyí á mú kí àyẹ̀wò wọ́n. Ó lè fi díẹ̀ wọ́n. Ọmọ SS kan wọ́n jù ú lọ, ẹ bi òbí tó ti sùn sí wọ́ọ̀dù rí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò fún gbogbo ìkókó ní ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Bí a bá mọ̀ wọ́n láti ìkókó, a lè gba ọ̀pọ̀ wọn là.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tiyín níhìn-ín. Ẹ ṣeun tí ẹ ń béèrè ìwé. Ẹ máa béèrè méjì, láti láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sì ka jẹ́nótáìpù ọmọ ọlọ́mọ sétí ìjọ. Ọ̀rọ̀ ìlera rẹ̀ ni, òfin sì dáàbò bò ó.

Ẹ̀yin aṣáájú wa, bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. A rí i pé àwọn ìjọba kan ti ń fi òfin mú àyẹ̀wò kí ìgbéyàwó tó wáyé ní dandan, irú rẹ̀ ti wà ní Kánò, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri lọ́dọ̀ tiwa náà. Mo ń kìlọ̀ fún yín tìfẹ́tìfẹ́: ẹ má ṣe é. Ẹ má fi òfin mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà láàbù kí ẹ tó ṣe òfin tí yóò mú láàbù dáhùn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo èsì tó bá lòdì á di ẹ̀bi ìjọba tó pàṣẹ rẹ̀, a ó sì wí bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ní kóòtù àti nígbà ìdìbò. Ewu tó tún ju ti òṣèlú lọ ni pé àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni jẹ́nótáìpù. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà pé àbíkú kọ́ ni ọmọ tó ń ṣàìsàn yìí, pé jíìnì ni. Bí ìgbàgbọ́ yẹn bá ti bàjẹ́, owó kò lè rà á padà.

Àwa òbí, nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń gbé pẹ̀lú àrùn yìí ní Ìbàdàn ti kọ àbá òfin tí a fẹ́ sílẹ̀, lọ́yà sì ti bá wa tò ó. A ó gbé e wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Sẹkitéríàtì, Agodi, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ márùn-ún yòókù. Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan ni orúkọ aṣòfin tí yóò gbé e kalẹ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò kà á fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilé tí kò bá fún wa lọ́jọ́, a ó máa padà wá bá a.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.